Ohun tí Kátíríìjì .38 Special Ti Kọ́ Mi

Nínú àwọn ilé ìtajà ìbọn tí mo máa ń yà sí ní Houston, ọta 9mm ni ó máa ń kún orí pẹpẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí páálí díẹ̀ ti .38 Special, ọta tí wọ́n ṣe fún ìbọn rìfọ́fà, máa ń wà ní igun kan. Owó rẹ̀ sì tún ga ju ti 9mm lọ, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ kì í rọ ọ́ tó bí wọ́n ṣe ń rọ èyí tí ọlọ́pàá àti ológun ń lò. Ọta tí agbára rẹ̀ kéré, tí owó rẹ̀ wọ́n, tí ìbọn tó ń lò ó kì í sábà gbà ju ẹyọ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ó yẹ kí irú rẹ̀ ti di ohun ìtàn. Síbẹ̀, bí páálí tuntun bá dé, kì í pẹ́ tí yóò fi tán. Èmi náà wà lára àwọn tí ń rà á tán, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo rí lára rẹ̀.

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ṣakí, nítorí náà ìbọn kì í ṣe àjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni mo mọ̀: a ó da ètù sí i lẹ́nu, a ó fi ọ̀pá kì í, a ó ju òjé sí i, a ó sì tún un kì. Ìbàdí ọ̀gá ọlọ́pàá nìkan ni mo ti máa ń rí ìbọn ìléwọ́, nítorí pé òfin ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní, àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ìgbà tí mo gba káàdì ìgbélùú ní Amẹ́ríkà tán ni mo tó ra tèmi ní Texas lọ́nà tó bófin mu. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ nítorí àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, bí kò ṣe pé ó bọ́ sí abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àyọsílẹ̀ díẹ̀ tó wà. Agbẹjọ́rò ni kí ẹ bi, ẹ má bi ọ̀rẹ́.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó kọ́ mi ní pápá ìbọn tí mo ń lọ. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. "Sà" ni mo ń pè é títí di òní. Ìbọn 9mm tó ń gba ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo gbé lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára, ó sì ní kí n dá a padà sínú àpótí rẹ̀ ná. Rìfọ́fà tirẹ̀, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, ni ó fún mi, Smith & Wesson Model 10, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínṣì 4, tí igi ìdí rẹ̀ ti ń dán nítorí pé ọwọ́ ti ń kàn án láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kó ọta mẹ́ta àti kòròfo mẹ́ta tí a ti yìn tẹ́lẹ̀ sínú ilé ọta rẹ̀, ó yí i gbirigbiri, ó pa á dé, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ láìjẹ́ kí n mọ èyí tó kàn.

Nígbà tí òòlù ìbọn bá bọ́ lé ọta, ìbọn á dún, èmi kò sì ní rí ohunkóhun nínú ohun tí ọwọ́ mi ṣe, nítorí pé ariwo àti títa tí ìbọn ta sẹ́yìn ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá bọ́ lé kòròfo, "kẹ́" ni yóò dún, ẹnu ìbọn á sì forí balẹ̀ níwájú mi. Ọwọ́ mi ni ó ń tì í sísàlẹ̀ kí ó tó dún rárá, nítorí pé ara ti mọ̀ pé ariwo ń bọ̀, ó sì ti ń gbára dì dè é. Gbogbo ẹni tí ń kọ́ ìbọn yínyìn ni àrùn yìí ń ṣe, bí ó sì bá jẹ́ pé ọta líle ni ẹni náà fi bẹ̀rẹ̀, ó lè bá a dàgbà. Rìfọ́fà ni ó rọrùn jù láti fi dán an wò, .38 Special sì ni ọta tó rọ̀ tó láti fi wò ó sàn: bí ara bá ti rí i pé ohun tó ń bẹ̀rù kò tó nǹkan, yóò jáwọ́ nínú gbígbára dì. Ìgbà tí mo padà sórí 9mm mi, ihò tí ó ń lu lára bébà ti ń sún mọ́ ara wọn.

Ìdí tó fi rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn rẹ̀, ìtàn náà sì tún kan ètù tí àwọn ọdẹ ilé wa mọ̀ dunjú. Láàárín ọdún 1898 sí 1899 ni iléeṣẹ́ Smith & Wesson ní Springfield, Massachusetts, gbé kátíríìjì yìí jáde pẹ̀lú rìfọ́fà tuntun kan tí wọ́n pè ní Military & Police. Ọta .38 Long Colt ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, agbára rẹ̀ kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn, èyí sì tún hàn gbangba lẹ́yìn náà ní Philippines, níbi tí àwọn jagunjagun Moro ti ń gbà á sára tí wọ́n sì tún ń bọ̀. Smith & Wesson fi díẹ̀ kún gígùn kòròfo idẹ náà, wọ́n sọ òjé rẹ̀ di giréènì 158 dípò 150 (giréènì ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn òjé àti ètù), wọ́n sì bu ètù dúdú kún un, láti giréènì 18 sí bíi 21. Ìyẹn kò dá àwọn ológun dúró; ọta .45 ni wọ́n padà sí, wọ́n sì gba ìbọn M1911 tó ń lò ó ní ọdún 1911. Àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n gba .38 Special mọ́ra, débi pé rìfọ́fà tí a kọ́kọ́ rọ fún un, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Model 10 lẹ́yìn náà, lé ní mílíọ̀nù 6 tí a ti rọ.

Ètù dúdú máa ń gba àyè. Ẹni tó bá ti kì ṣakabùlà rí mọ ohun tí mo ń wí: bàbá mi a máa fi ìdérí ìgò wọn ètù sínú ìbọn, wọn a sì máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìbọn òun dún ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣeré. Nítorí ètù dúdú yìí ni wọ́n ṣe sọ kòròfo .38 Special di gígùn bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ètù aláìléèéfín fi gba ipò rẹ̀, ó sì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ìwọ̀nba tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti àtijọ́. Kòròfo kò kúrú, ètù ni ó kéré. Bí a bá tú ọ̀kan wò lónìí, òfìfo ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí àwọn ìbọn àtijọ́ tó ṣì wà lọ́wọ́ aráàlú, ìwọ̀n ìfúnpá tí àwọn iléeṣẹ́ fọwọ́ sí fún un kò ju 17,000 psi (pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan) lọ, nígbà tí ti 9mm jẹ́ 35,000, ìyẹn ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ìbọn tó wúwo, ìfúnpá tó kéré, òjé tí kò sáré púpọ̀: ibẹ̀ ni ìrọ̀rùn náà ti wá.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé rìfọ́fà kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọta tí ó ń yìn. Ìbọn 9mm ń fi agbára ọta tó jáde fa èyí tó kàn wọlé, nítorí náà bí ọta bá rọ̀ jù, ìbọn á há. Ní ti rìfọ́fà, ìka ẹni ni ó ń yí ilé ọta. Yálà ọta rọ̀ tàbí ó le, yálà ẹnu òjé rẹ̀ rí ṣóńṣó tàbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò kàn án. Àǹfààní yìí ni wọ́n fi ń rọ ọta kan tí wọ́n ń pè ní wadcutter, èyí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ.

Bí ẹ bá mú wadcutter .38 lọ́wọ́, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé wọn kò tíì fi òjé sí i. Òjé giréènì 148 náà wọlé pátápátá, orí rẹ̀ sì bá ẹnu kòròfo dọ́gba. Àwọ̀ eérú lásán ni ẹ ó rí láàárín idẹ. Nítorí pé orí rẹ̀ tẹ́, kì í ya bébà, ṣe ni ó máa ń gé e bọ́ sílẹ̀ róbóróbó bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu fáìlì ní ọ́fíìsì. Ọta tí orí rẹ̀ rí roboto máa ń fa bébà ya, ihò rẹ̀ a sì dà bí ẹni pé ó kéré ju bí ó ṣe yẹ lọ. Nínú ìdíje, bí etí ihò bá kan ìlà, máàkì tó ga jù ni wọ́n ń fún ẹni tó yìn ín, nítorí náà ihò tí etí rẹ̀ mọ́ lè fi máàkì kan kún máàkì ènìyàn láìjẹ́ pé ó yìn ín dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta yìí gbayì láàárín àwọn adíje débi pé Smith & Wesson tìtorí rẹ̀ ṣe ìbọn kan tí kì í ṣe rìfọ́fà, Model 52, ní ọdún 1961, wadcutter .38 nìkan ni ó sì ń jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, jẹ́ nọ́ọ̀sì tó máa ń dé láti ibi iṣẹ́ òru ní ìdájí, òun nìkan ni ó sì ń gbé ilé rẹ̀. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ kọ́ ìbọn, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan yìí kò ní gbé mi ṣubú?" Ìbọn onírin ọlọ́pàá ínṣì 4 ni mo gbé fún un, wadcutter ni mo sì kó sí i. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó wo ìbọn náà, ó ní, "Ó tán?" Láti ìgbà náà ni a kò ti ní ìṣòro ẹ̀rù mọ́, ohun tó kù ni bí a ṣe ń dì í mú àti bí a ṣe ń rọra fa irin tí ìka ń fà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọ̀nà mìíràn ni ìgbà tí Àǹtí lọ ra tirẹ̀. Ẹni tó ń tajà sọ fún un pé ìbọn kékeré ni ó yẹ obìnrin, ó sì ta rìfọ́fà kan tó ń gba ọta márùn-ún fún un, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ kò gùn ju ínṣì 2 lọ, ìwúwo rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti èyí tí mo fi kọ́ ọ. Kátíríìjì kan náà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yin márùn-ún rẹ̀ tán, ó gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ wo ọwọ́ mi." Awọ tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfàbẹ̀lá ti pọ́n. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé .38 Special rọ̀ bí ẹni pé inú kátíríìjì nìkan ni ìrọ̀rùn náà wà. Irọ́ ni. Ìwúwo ìbọn ni ó ń gba ìtapadà náà mì. Bí ìwúwo bá ti lọ, ọwọ́ ẹni ni yóò gbà á. Ìbọn kékeré tó fúyẹ́ dára fún ẹni tó ti mọṣẹ́, tó sì fẹ́ gbé e sápò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àǹtí dá a padà, ó fi owó kún un, ó sì gba onírin tó wúwo jù ú lọ.

Owó ọta ni ó sún mi dé ìdí dídi kátíríìjì fúnra mi, ibẹ̀ ni mo sì wà di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Rìfọ́fà kì í da kòròfo nù. A ó ṣí i, a ó tì wọ́n jáde, gbogbo wọn á sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, nígbà tí àwọn oní-9mm máa ń bẹ̀rẹ̀ kiri pápá ìbọn tí wọ́n ń ṣa tiwọn. Nítorí ìfúnpá rẹ̀ tó kéré, idẹ rẹ̀ máa ń pẹ́ láyé. Mo ní àwọn kan tí lẹ́tà tó wà ní ìdí wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, etí ẹnu wọn ni wọ́n ti máa ń là, ìlà tín-ínrín kan tí ojú lè má rí. Mo máa ń kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, n ó sì mì wọ́n: èyí tó dá ṣáṣá máa ń dún bí agogo, èyí tó ti là máa ń dún kótó.

Àyè tó pọ̀ nínú kòròfo náà, tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni ewu rẹ̀ náà. Ètù wadcutter kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè bù ú lẹ́ẹ̀mejì sínú kòròfo kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ó kún, òjé á sì wọlé lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá yin irú rẹ̀ lè bá ìbọn rẹ̀ ní ìdajì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń to kòròfo sórí pátákó tí mo gbẹ́ ihò sí, tí mo sì máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òjé kankan tó kàn án. Ìwọ̀n ètù, ìwé tí àwọn oníṣẹ́ ètù tẹ̀ jáde nìkan ni mo ń gbà gbọ́. Òdìkejì rẹ̀ náà burú: ní ọjọ́ kan, ìbọn aládùúgbò wa ní pápá dún "pọ́" péré, bí ìgbà tí kọ́ọ̀kì ìgò bá fò. Ọkùnrin náà ti ń múra láti fa èkejì nígbà tí Sà pariwo pé kí ó dúró. Wọ́n tú ìbọn náà, wọ́n ti ọ̀pá idẹ bọ ẹnu rẹ̀, òjé sì wà láàárín ọ̀nà, ètù tó yẹ kí ó gbé e jáde kò sí níbẹ̀. Bí èkejì bá tẹ̀lé e, ọ̀pá ìbọn náà ì bá wú tàbí kí ó bẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Èmi kì í fún ẹnikẹ́ni ní kátíríìjì tí mo fọwọ́ ara mi dì, n kò sì ní gba ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyà kọ́ ni tèmi.

Ohun kan tún wà tí ó ń mú ọta yìí wà láàyè, ìyẹn àbúrò rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ. Ní ọdún 1935 ni .357 Magnum jáde, .38 Special tí wọ́n fà gùn ni: wọ́n fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ kún kòròfo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lè kó o sínú ìbọn .38 tí kò ní lè gbà á. Òjé méjèèjì fẹ̀ bákan náà, nítorí náà ìbọn .357 ń jẹ .38 láìṣe wàhálà. Àwọn tó ra .357 tí wọ́n sì ń fi .38 yìn ín láti ọdún dé ọdún pọ̀ ju àwọn tó ń lo .357 gidi nínú rẹ̀ lọ, bí mo ti rí i. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé .38 tó kúrú máa ń fi òrùka èérí dúdú kan sílẹ̀ nínú ilé ọta, ní ibi tí ẹnu rẹ̀ parí sí. Bí ẹ kò bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha á kúrò,.357 tí ẹ bá kó síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn kò ní wọlé tán.

Àwọn ọlọ́pàá ti fi í sílẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Lẹ́yìn ìjà ìbọn Miami ní oṣù kẹrin ọdún 1986, níbi tí òṣìṣẹ́ FBI méjì ti kú, tí àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́, ọ̀rọ̀ iye ọta àti bí a ṣe lè tètè kó òmíràn sí i di ohun tí gbogbo iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ń rò. Ní ọdún 1993 New York náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba 9mm. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé ọ̀daràn nílò ohun tó ju ọta mẹ́fà lọ. Èmi kì í lé ẹnikẹ́ni.

Ní ti ààbò ilé, èmi àti Sà kò tíì fẹnu kò. Òun ń lo ohun tí àwọn ọlọ́pàá ìgbà tiwọn ń lò, òjé giréènì 158 tí orí rẹ̀ ní ihò, tí ìfúnpá rẹ̀ ga díẹ̀, ó sì ní kò sí ohun tó dára tó o nínú ìbọn ínṣì 4. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ìbọn ínṣì 4. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá kúrú, òjé kì í sábà sáré tó láti là gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, títa rẹ̀ á sì kù sọ́wọ́ ẹni tó yìn ín lásán. Àǹtí kò dá sí ìjà wa. Wadcutter ni ó kó sínú tirẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí onírin tó ń ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà, ní gbogbo ìgbà tí a bá sì jọ lọ sí pápá, ní yáàdì 7, ọta rẹ̀ márààrún ni ó ń wọ bébà níbi tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò. Sà ti dẹ́kun àtimáa gbà á nímọ̀ràn.